Jọ́nà méjì lórí tábìlì: ohun tó yẹ ká fi wéra kí pépà tó kúrò lọ́wọ́ wa

Ẹni tó bá ti parí pépà ìwádìí kan ní yunifásítì mọ ìbéèrè tó kàn: ibo ni kí n fi í ránṣẹ́ sí? Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìgbéga ń ka iye pépà, ọdún ń lọ, jọ́nà kan, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà tí wọ́n ń tẹ ìwádìí sí, sì ti fi ímeèlì ránṣẹ́ pé láàárín ọjọ́ márùn-ún ni àwọn máa tẹ iṣẹ́ náà jáde. Jọ́nà kejì ní kí ẹ máa retí oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà kí ẹ tó gbọ́ èsì àkọ́kọ́. Orí owó àti ọjọ́ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìfiwéra, ibẹ̀ gan-an ni kò sì yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. Jọ́nà tí kò gba kọ́bọ̀ lè máa tẹ ìkọkúkọ, èyí tó ń gba owó gọbọi sì lè mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú.

Ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kó ṣáájú. Ta ló máa ka iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́? Kí ni wọ́n máa bi mí kí wọ́n tó gbà á? Bí àṣìṣe bá yọ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, kí ni wọ́n máa ṣe? Ìkẹta yìí ló ń ya jọ́nà gidi sọ́tọ̀ jù lọ, òun náà ni àwọn ènìyàn kì í sábà bèèrè.

Owó: ta ló ń san án?

Ọ̀nà mẹ́ta ni. Ní ti àkọ́kọ́, òǹkàwé tàbí ilé ìkàwé ló ń sanwó. Òǹkọ̀wé kì í san nǹkan kan, ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí yunifásítì rẹ̀ kò bá san owó náà kò ní rí pépà yín kà. Ní ti ìkejì, òǹkọ̀wé ló ń sanwó, gbogbo ayé sì ń kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Owó yìí lè kọjá agbára ẹni: nígbà tí jọ́nà Nature bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà yìí ní 2021, 9,500 euro ni wọ́n bù lé pépà kan. Ní ti ìkẹta, òǹkọ̀wé kò san, òǹkàwé kò san. Yunifásítì, ẹgbẹ́ onímọ̀ tàbí ìjọba ló ń gbé ẹrù náà, bí ó ti rí fún ọ̀pọ̀ jọ́nà tó wà lórí SciELO, ìkànnì àkójọ jọ́nà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Brazil ní 1998.

Ibi tí ìwà àìtọ́ ti ń wọlé yàtọ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Níbi tí òǹkọ̀wé ti ń sanwó, gbogbo pépà tí wọ́n bá gbà ni owó ń wọlé lórí rẹ̀, torí náà ọwọ́ tó yẹ kó kọ̀ máa ń rọ. Níbi tí òǹkàwé ti ń sanwó, jọ́nà lè máa wá èsì tó ń pariwo, kó sì ta èsì tó sọ pé "a kò rí ìyàtọ̀ kankan" nù. Ní ti ìkẹta, olóòtú kan tàbí méjì tí kò gba owó oṣù ló sábà ń ṣe gbogbo rẹ̀. Bí ara wọn kò bá yá tàbí bí wọ́n bá fẹ̀yìn tì, pépà yín lè sùn síbẹ̀ fún ọdún kan gbáko.

Ọ̀pọ̀ jọ́nà ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nílẹ̀ wa ń gba owó àyẹ̀wò díẹ̀ kí wọ́n tó fi pépà fún ẹni tó máa kà á. Àwọn jọ́nà ìmọ̀ ọrọ̀ ajé kan ní òkè òkun náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kò burú, bí ohun mẹ́ta bá pé: kí iye owó náà wà ní gbangba kí ẹ tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́, kí ó má ṣe yí padà nítorí pé wọ́n gba pépà tàbí wọ́n kọ̀ ọ́, kí ó sì lọ sí àkáǹtì ẹ̀ka tàbí ẹgbẹ́, kí ó má jẹ́ ti ẹnì kan. Níbi tí wọ́n bá ti ní kí ẹ fi owó sínú àkáǹtì olóòtú fúnra rẹ̀, ẹ dá iṣẹ́ yín dúró ná.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀dínwó, kí ẹ tó fi pépà ránṣẹ́ tàbí nígbà tí ẹ bá ń fi í ránṣẹ́ ni kí ẹ ti bèèrè. Ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wé kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba pépà wọlé. Àtòjọ Research4Life, ètò tó ń jẹ́ kí àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lówó rí jọ́nà kà, ni púpọ̀ nínú wọn ń wò láti mọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n máa dín owó kù fún. Àtòjọ náà máa ń yí padà, torí náà ti ọdún tí ẹ wà ni kí ẹ wò.

Àyẹ̀wò: ta ló mọ ta?

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Ohun tó ń sọ pépà di ìmọ̀ tí ènìyàn lè gbára lé ni pé àwọn tó gbọ́ iṣẹ́ náà, ìyẹn àwọn aṣàyẹ̀wò, ti tú u wò, tí wọ́n sì bi ẹni tó kọ ọ́ ní ìbéèrè. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é kò rí bákan náà.

| Ọ̀nà | Ta ló mọ ta | Àǹfààní | Ibi tó ti ń bàjẹ́ |
|---|---|---|---|
| Aṣàyẹ̀wò nìkan ló fara pamọ́ | Ó mọ̀ yín, ẹ kò mọ̀ ọ́n | Ó lè sọ òótọ́ láìbẹ̀rù. Ó lè wò bóyá ẹ ti tẹ iṣẹ́ náà jáde rí | Orúkọ, yunifásítì àti orílẹ̀-èdè yín ń ti ọwọ́ rẹ̀ |
| Tọ̀tún-tòsì fara pamọ́ | Ẹnikẹ́ni kò mọ ẹnì kejì | Iṣẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ | Ẹ̀ka tó kéré, wọ́n á mọ̀ yín bẹ́ẹ̀ náà |
| Ojú gbangba | Gbogbo yín mọra, tàbí wọ́n tẹ àbọ̀ àyẹ̀wò jáde | Òǹkàwé rí bí àríyànjiyàn ṣe lọ | Ọ̀dọ́ ń bẹ̀rù àgbà |
| Tẹ̀ ẹ́ ná, ká tó yẹ̀ ẹ́ wò | Gbogbo ayé ń wò ó | Kò pẹ́ kí iṣẹ́ tó jáde | Àwọn kan ń lo pépà kí àyẹ̀wò tó parí |

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan dán bí orúkọ ṣe ń ti ọwọ́ aṣàyẹ̀wò wò, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2022. Pépà kan ṣoṣo ni wọ́n lò. Àwọn méjì ló kọ ọ́: Vernon Smith, tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2002, àti ọ̀dọ́ onímọ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ kò tíì tàn. Wọ́n pe ènìyàn tó lé ní 3,300 pé kí wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò, àbọ̀ 534 ló sì wọlé. Àwọn kan rí orúkọ Smith, àwọn kan rí orúkọ ọ̀dọ́ náà, àwọn kan kò rí orúkọ kankan. Nínú àwọn tó rí orúkọ Smith, nǹkan bí 23 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní kí wọ́n kọ pépà náà sílẹ̀. Nínú àwọn tí kò rí orúkọ, 48 ni. Nínú àwọn tó rí orúkọ ọ̀dọ́ náà, 65 ni. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò yí padà, orúkọ orí rẹ̀ nìkan ló yí.

Torí náà, bí orúkọ yín kò bá tíì gbilẹ̀, tí yunifásítì yín kò sì sí lẹ́nu àwọn ará òkè òkun, jọ́nà tọ̀tún-tòsì ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Àwọn jọ́nà mìíràn wà tí ọ̀nà tí aṣàyẹ̀wò nìkan ti fara pamọ́ jẹ́ àṣà wọn, ṣùgbọ́n tí wọ́n gbà kí òǹkọ̀wé bèèrè fún tọ̀tún-tòsì. Àwọn jọ́nà Nature ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti 2015. Ọjọ́ tí ẹ ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ ni ẹ ti máa bèèrè. Kò sẹ́ni tó máa rán yín létí.

Fífi orúkọ pamọ́ ju kí a pa á rẹ́ lábẹ́ àkọlé lọ. Nínú Word, ẹ ṣí File, ẹ tẹ Info, kí ẹ lo Inspect Document láti yọ orúkọ tí kọ̀ǹpútà ti fi pamọ́ sínú fáìlì. Ẹ yí orúkọ fáìlì náà padà, nítorí "Adéyẹmí_tuntun2" ti tú àṣírí kó tó ṣí. Ẹ yọ àlàyé ẹ̀gbẹ́ ojú ewé tí alábòójútó yín kọ. Ọ̀rọ̀ ọpẹ́, nọ́ńbà owó ìwádìí TETFund àti orúkọ ìgbìmọ̀ tó fún yín láṣẹ ìwádìí, ojú ewé àkọ́kọ́ tí aṣàyẹ̀wò kò ní rí ni kí wọ́n wà. Ẹ má kọ "gẹ́gẹ́ bí mo ti fi hàn ní 2019". Ẹ dárúkọ iṣẹ́ yẹn bí ẹni pé ẹlòmíràn ló kọ ọ́. Àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á yọ gbogbo iṣẹ́ ara wọn kúrò. Aṣàyẹ̀wò tó mọ ẹ̀ka náà á wá rí àlàfo tó yẹ kí iṣẹ́ wọn wà, á sì mọ ẹni tó ni ín. Ní ẹ̀ka tí kò ju ènìyàn mẹ́wàá lọ lágbàáyé, bí oríkì ìlú kan ṣoṣo, ìfarapamọ́ kò ní ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn wà lọ́kàn yín nígbà tí ẹ bá ń yàn.

Ti ojú gbangba dùn létí. Jọ́nà ìṣègùn BMJ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1999, wọ́n sì ti dán an wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀: àbọ̀ àwọn tó gbà kí orúkọ wọn hàn kò burú ju ti àwọn tó fara pamọ́ lọ, kò sì dára jù ú lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó kọ̀ pé àwọn kò ní yẹ iṣẹ́ wò pọ̀ sí i. Lọ́dọ̀ wa, ìṣòro náà tún jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́kíṣọ̀ kékeré wo ló máa fọwọ́ sí ìwé pé ìṣirò Prófẹ́sọ̀ tó máa jókòó sí ìgbìmọ̀ ìgbéga rẹ̀ kò pé? Kì í ṣe ojo, ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni. Ọ̀nà kan wà tó mú ti ojú gbangba, tó sì dáàbò bo ọ̀dọ́: kí wọ́n tẹ àbọ̀ àyẹ̀wò jáde, kí orúkọ aṣàyẹ̀wò wà ní ìpamọ́ bí òun fúnra rẹ̀ kò bá ní kó hàn. EMBO Journal ti ń tẹ àbọ̀ jáde báyìí láti 2009, Nature náà sì sọ ọ́ di ti gbogbo pépà ìwádìí tuntun ní Oṣù Kẹfà 2025. Lójú tiwa, èyí ló dára jù fún ẹni tó ń yan jọ́nà, nítorí ẹ lè ka àbọ̀ tí wọ́n ṣe fún ẹlòmíràn kí ẹ tó fi tiyín sílẹ̀.

Bí ẹ bá rí irú àbọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ kà á dáadáa. Àbọ̀ gidi máa ń tọ́ka sí ojú ewé àti ìlà. Ó máa ń bèèrè ìdí tí ẹ fi mú ènìyàn 60, tí ẹ kò mú 200. Ó máa ń sọ ohun tí kò dá a lójú. Àbọ̀ yẹpẹrẹ máa ń jẹ́ gbólóhùn mẹ́ta: "Pépà dára. Ẹ tún gírámà ṣe. Mo gbà á." Tàbí kó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kó máa pa làpálàpá: ojú ewé méjì lórí kọ́mà, kò sí ọ̀rọ̀ kan lórí ọ̀nà tí wọ́n gbà kó détà jọ.

Ní ti "tẹ̀ ẹ́ ná", F1000Research àti eLife ni kí ẹ fi wéra. F1000Research máa ń tẹ pépà jáde lẹ́yìn àyẹ̀wò ráńpẹ́, á wá pe àwọn aṣàyẹ̀wò tí orúkọ wọn máa hàn. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i tó ni pépà náà máa tó wọ PubMed, àkójọ pépà ìlera lórí íntánẹ́ẹ̀tì. eLife fi "a gbà á" tàbí "a kọ̀ ọ́" lẹ́yìn àyẹ̀wò sílẹ̀ ní 2023: wọ́n á tẹ àbọ̀ àti ìdájọ́ olóòtú mọ́ pépà, òǹkàwé á sì fi ojú ara rẹ̀ wò ó. Èrò náà wú wa lórí. Ṣùgbọ́n eLife pàdánù Impact Factor rẹ̀ nítorí ẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tó ń fi hàn bí wọ́n ṣe ń tọ́ka sí pépà inú jọ́nà tó. Ìgbìmọ̀ ìgbéga tó ń fi nọ́ńbà yẹn ṣe òṣùwọ̀n lè má ka pépà yín sí. Ẹ bi ẹ̀ka yín kí ẹ tó lọ.

Ohun kan tún wà. Ọ̀pọ̀ jọ́nà máa ń ní kí òǹkọ̀wé dárúkọ àwọn tó lè yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Àwọn kan fi ímeèlì ayédèrú sílẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ àbọ̀ rere fún ara wọn. Nígbà tí àṣírí tú, ilé ìtẹ̀wé Springer fagi lé pépà 64 ní 2015, jọ́nà Tumor Biology nìkan sì pàdánù 107 ní 2017. Jọ́nà tó bá ń ní kí ẹ fi ímeèlì yunifásítì sílẹ̀, tí kì í gba Gmail lásán, ti kọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ dárúkọ ènìyàn, ẹ má dárúkọ alábòójútó yín tàbí ẹni tí ẹ jọ kọ pépà láìpẹ́ yìí.

Gidi àti gbájúẹ̀: wákàtí kan tó yẹ kí ẹ ná

Jọ́nà gbájúẹ̀ ni èyí tó ń gba owó àyẹ̀wò tí kò ṣe. Ní 2013, akọ̀ròyìn kan tó ń ṣiṣẹ́ fún jọ́nà Science fi pépà ayédèrú kan lórí oògùn jẹjẹrẹ ránṣẹ́ sí jọ́nà 304. Àṣìṣe inú rẹ̀ kò ṣe é fi pamọ́. Jọ́nà 157 gbà á, 98 kọ̀ ọ́. PLOS ONE, tó ń gba owó lọ́wọ́ òǹkọ̀wé, kọ̀ ọ́, ó sì bèèrè ohun tí àwọn yòókù kò bèèrè nípa ẹ̀tọ́ ìwádìí náà. Ìdí nìyí tí a fi sọ pé kì í ṣe owó ni ẹ máa fi mọ̀ wọ́n.

Ẹ jókòó sídìí íntánẹ́ẹ̀tì fún wákàtí kan. Ẹ má tẹ ìkànnì tó wà nínú ímeèlì wọn, nítorí àwọn kan máa ń jí orúkọ àti ISSN (nọ́ńbà ìdánimọ̀) jọ́nà gidi, wọ́n á sì kọ́ ìkànnì mìíràn tó jọ ọ́. Orí portal.issn.org ni kí ẹ ti wá jọ́nà náà. Nọ́ńbà ISSN fúnra rẹ̀ ní ọ̀nà tí a fi ń mọ èyí tí wọ́n kàn hùmọ̀. Ẹ mú ti Nature, 0028-0836. Ẹ fi 8, 7, 6, 5, 4, 3, 2 sọ nọ́ńbà méje àkọ́kọ́ di púpọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: 0, 0, 12, 40, 0, 24, 6. Ẹ ro wọ́n pọ̀, 82 ni. Ẹ fi 11 pín in, 5 ló ṣẹ́kù. Ẹ yọ 5 kúrò nínú 11, ó ku 6, òun sì ni nọ́ńbà ìkẹyìn. (Bí kò bá ṣẹ́ku nǹkan kan, 0 ni ìkẹyìn, bí ohun tó kù lẹ́yìn tí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú 11 bá jẹ́ 10, X ni wọ́n ń kọ.) Èyí tí kò bá bá a mu, irọ́ ni. Ṣùgbọ́n èyí tó bá a mu kò fi hàn pé jọ́nà náà dára, torí ẹnikẹ́ni tó bá ń tẹ jọ́nà lè gba ISSN.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú DOI (nọ́ńbà tí a fi ń rí pépà lórí íntánẹ́ẹ̀tì) pépà wọn mẹ́ta, kí ẹ fi wọ́n sí doi.org. Bí kò bá ṣí, àmì lásán ni wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́. Ẹ yan orúkọ méjì nínú ìgbìmọ̀ olóòtú, kí ẹ lọ sí ojú ewé wọn ní yunifásítì wọn, kí ẹ kọ ímeèlì kúkúrú sí wọn. A máa ń rí ẹni tí kò mọ̀ rárá pé orúkọ òun wà níbẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ tí pépà mẹ́wàá wọlé àti ọjọ́ tí wọ́n gbà wọ́n. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́fà, kò sẹ́ni tó kà wọ́n. Bí wọ́n bá ní àwọn wà nínú COPE, ẹgbẹ́ tó ń bójú tó ìwà títọ́ nínú títẹ jọ́nà láti 1997, orí ìkànnì COPE ni kí ẹ ti wá orúkọ wọn, nítorí lógò rọrùn láti jí. Ẹ wò wọ́n nínú DOAJ pẹ̀lú, àtòjọ àwọn jọ́nà tí òǹkàwé ń kà lọ́fẹ̀ẹ́. Kì í ṣe gbogbo jọ́nà gidi ló wà níbẹ̀, pàápàá àwọn tí òǹkàwé ń sanwó fún, ṣùgbọ́n DOAJ máa ń tún ara rẹ̀ yẹ̀ wò: ní 2016 wọ́n yọ jọ́nà tó lé ní 3,000 tí kò wá forúkọ sílẹ̀ lákọ̀tun lábẹ́ òfin tuntun wọn.

Ilé ìtẹ̀wé ńlá kò sì túmọ̀ sí ààbò. Wiley, ọ̀kan nínú wọn, ra ilé ìtẹ̀wé Hindawi ní 2021. Nígbà tó fi máa di 2023, pépà tó lé ní 8,000 ni Hindawi ti fagi lé lọ́dún kan ṣoṣo. Ẹnu ọ̀nà tí ẹ̀gbin náà gbà wọlé ni àkànṣe ẹ̀dà tí olóòtú àlejò ń darí: àwọn tó ń rọ pépà tà wọ inú rẹ̀, wọ́n ń yẹ iṣẹ́ ara wọn wò. Bí wọ́n bá pè yín sí àkànṣe ẹ̀dà, ẹ bèèrè bóyá olóòtú àgbà ló ń ṣe ìpinnu ìkẹyìn. Bí ó bá jẹ́ àlejò nìkan, ẹ fà sẹ́yìn.

Nígbà tí àṣìṣe bá yọ

Ní 1998, jọ́nà ìṣègùn The Lancet tẹ pépà Andrew Wakefield jáde, èyí tó so abẹ́rẹ́ àjẹsára MMR mọ́ àìsàn autism. 2010 ni wọ́n tó fagi lé e pátápátá. Ọdún méjìlá làwọn òbí fi ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ nítorí iṣẹ́ tí kò dúró. Ní Oṣù Karùn-ún 2020, jọ́nà kan náà tẹ pépà mìíràn jáde lórí oògùn hydroxychloroquine, pẹ̀lú détà ilé iṣẹ́ Surgisphere. Kò tó oṣù kan tí wọ́n fi fagi lé ìyẹn, nítorí pé mẹ́ta nínú àwọn mẹ́rin tó kọ ọ́ jẹ́wọ́ pé àwọn kò lè fọwọ́ sọ̀yà détà náà mọ́.

Ẹ fi ojú yìí wo jọ́nà méjì tó wà níwájú yín. Ẹ wá ọ̀rọ̀ ìfagilé àti àtúnṣe lórí ìkànnì wọn. Ọ̀pọ̀ rò pé jọ́nà tí kò fagi lé pépà kankan rí ló mọ́ jù. Bí ó bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, tó ti tẹ ẹgbẹẹgbẹ̀rún pépà, tí kò sì ní àtúnṣe kan ṣoṣo, kò sẹ́ni tó ń wo ẹ̀yìn níbẹ̀ ni. Ìfagilé tó tọ́ máa ń sọ ẹni tó fagi lé e àti ìdí rẹ̀, ó máa ń wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ènìyàn, wọn kì í sì í pa pépà náà rẹ́: wọ́n á fi àmì sí gbogbo ojú ewé rẹ̀. Níbi tí pépà bá ti pòórá láìsí ọ̀rọ̀, àṣírí ni wọ́n ń bò.

Ohun tí wọ́n máa bi yín

Jọ́nà tó bá ń da ìbéèrè bò yín ń ṣe yín lóore. Ẹ wo fọ́ọ̀mù méjèèjì. Èyí tó bá bèèrè orúkọ àti nọ́ńbà fóònù nìkan kò bìkítà. Èyí tó dára á bèèrè ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe. Ìlànà ICMJE, ẹgbẹ́ àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn, béèrè ohun mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ pé: kí ẹni náà kópa gidi nínú ìwádìí, kí ó kọ ọ́ tàbí kó tún un ṣe, kí ó fọwọ́ sí ẹ̀dà ìkẹyìn, kí ó sì gbà láti dáhùn fún un. Ẹni tó yá wa ní yàrá iṣẹ́ kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni HOD (olórí ẹ̀ka) tí kò ka pépà náà. Inú ọ̀rọ̀ ọpẹ́ ni tiwọn. A mọ̀ pé ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń pè é láti fi orúkọ àgbà sí i. Ṣùgbọ́n bí détà bá jẹ́ irọ́, àgbà yẹn náà ló máa jẹ́jọ́, bí àwọn tó fọwọ́ sí détà Surgisphere tí wọn kò fojú rí ṣe jẹ ẹ́.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń lo àbọ̀ ìjọra, èyí tí ẹ̀rọ ń ṣe láti fi hàn ibi tí ọ̀rọ̀ pépà bá ti jọ ti ẹlòmíràn. Jọ́nà ọ̀lẹ á ní "kó má ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ", á sì dákẹ́. Pépà tó ní 24 lè jẹ́ pé orúkọ ìwé àti gbólóhùn tí gbogbo ẹ̀ka ń lò ló kó jọ. Èyí tó ní 6 lè jẹ́ odindi ìpínrọ̀ kan tí wọ́n jí gbé. Olóòtú tó mọ iṣẹ́ máa ń ṣí àbọ̀ náà, á sì wo ibi tí ẹ̀rọ náà fi àwọ̀ sàmì sí.

Bí ènìyàn bá wà nínú ìwádìí yín, wọ́n gbọ́dọ̀ bèèrè orúkọ ìgbìmọ̀ tó fún yín láṣẹ, nọ́ńbà rẹ̀ àti ọjọ́ rẹ̀. Àṣẹ tí ẹ gbà lẹ́yìn tí ẹ ti kó détà jọ kò ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ẹsẹ Ifá sílẹ̀ lẹ́nu babaláwo, tàbí ẹkún ìyàwó lẹ́nu ìyá àgbà, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Jọ́nà tó dára á bèèrè bóyá ẹni náà gbà kí orúkọ òun hàn, àti bóyá ó mọ̀ pé iṣẹ́ náà máa wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì títí láé. Ẹ bi í ní èdè tó gbọ́, kí ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ níbi tó ti ń dáhùn.

Lórí ẹ̀rọ tó ń kọ̀wé bíi ChatGPT, COPE àti ICMJE ti sọ ọ́ láti 2023: kò lè jẹ́ òǹkọ̀wé, ẹni tó bá sì lò ó gbọ́dọ̀ sọ ibi tó ti lò ó. Ẹ wò bóyá jọ́nà náà tún kà á léèwọ̀ fún aṣàyẹ̀wò láti da pépà yín sínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ láìgbàṣẹ. Iṣẹ́ tí kò tíì jáde, àṣírí ni.

Èwo ni kí n mú?

Akẹ́kọ̀ọ́ PhD tó ń wá pépà àkọ́kọ́: jọ́nà tọ̀tún-tòsì ti ẹgbẹ́ onímọ̀ ẹ̀ka yín, tí kò gba owó tàbí tó gba díẹ̀, kódà bó pẹ́. Àbọ̀ àyẹ̀wò gidi kan á kọ́ yín ju ẹ̀kọ́ sáà kan lọ. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kan ìlera, tí dókítà ní abúlé gbọ́dọ̀ rí kà: èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún òǹkàwé, tó ń tẹ àbọ̀ àyẹ̀wò jáde. Ẹni tí ìgbéga rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, kó má fi pépà kan náà ránṣẹ́ sí jọ́nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó ń mú kí wọ́n kọ pépà láìkà á nìyẹn. Lẹ́tà pé jọ́nà gidi ti gba iṣẹ́ yín níyì lójú ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ju pépà tó ti jáde níbi tí kò lórúkọ rere lọ.

Bí pépà yín bá sì ti bọ́ sọ́wọ́ jọ́nà gbájúẹ̀, ẹ má san kọ́bọ̀ mìíràn, kódà bí wọ́n bá ní owó ìyọkúrò ni. Ẹ kọ ímeèlì kan tó ní ọjọ́ lórí pé ẹ ti gba iṣẹ́ yín padà, pé ẹ kò fọwọ́ sí ìwé kankan tó gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún wọn (bí ẹ kò bá fọwọ́ sí i lóòótọ́), kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ sọ fún gbogbo ẹni tí ẹ jọ kọ ọ́. Bí wọn kò bá tíì gbé e sórí ìkànnì, ẹ dúró de èsì fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹ tó lọ síbòmíràn. Bí wọ́n bá ti gbé e sí i, ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún olóòtú jọ́nà tuntun nínú lẹ́tà tí ẹ fi ń ti pépà lẹ́yìn, kí ẹ so ímeèlì ìgbàpadà yẹn mọ́ ọn. Àwọn kan á gbà á, àwọn kan á kọ̀, ṣùgbọ́n olóòtú tó bá fúnra rẹ̀ rí i kò ní gba àlàyé kankan mọ́.